Odídẹrẹ́ tó ń sá fún ọwọ́: bẹ́ ẹ ṣe máa mú un mọ́ra

Ẹyẹ yín ń súfèé, ó ń pe orúkọ gbogbo ará ilé, ó mọ ìró jẹnẹrétọ̀ ṣe, tẹ́ ẹ bá gbé ojú sún mọ́ kéèjì á wá síwájú á máa wò yín, àmọ́ kẹ́ ẹ kàn na ọwọ́ báyìí, ó ti fò sẹ́yìn, ó ń kùn, ìyẹ́ ń já bọ́, omi inú abọ́ ti dà nù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pe irú ẹyẹ yẹn ní ẹyẹ burúkú, àwọn míì á ní kò fẹ́ràn àwọn ni. Irọ́ ni jàre. Ẹ̀yin kọ́ ló ń sá fún, ọwọ́ yín ló ń sá fún, ọ̀tọ̀ sì ni méjèèjì lójú ẹyẹ.

Odídẹrẹ́ gan-an ni mò ń sọ o, ayékòótọ́ wa yìí, aláwọ̀ eérú tí ìrù rẹ̀ pupa, tá a máa ń fi ṣàdúrà pé kì í kú sóko ìwájẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú míì, ti Amazon tàbí ti Íńdíà tí ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ẹ lè lo èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, àmọ́ nínú ìfura, odídẹrẹ́ lọ̀gá gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Nínú igbó, òkè ni ikú ti máa ń wá bá ẹyẹ, àṣá ni ikú yẹn. Ọwọ́ tó bá ti òkè orí wá, tó yára, tó na ìka márààrún síta, kò yàtọ̀ sí àṣá tó na èékánná lójú rẹ̀. Ìyẹn nìkan ti tó o, ká má tíì sọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Púpọ̀ nínú odídẹrẹ́ tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa nílé ò ṣẹ̀yìn igbó, àtè tàbí àwọ̀n ni wọ́n fi mú un, wọ́n á fi ẹyẹ míì tàn án wá sórí igi, ẹsẹ̀ á lẹ̀, ọwọ́ á wá já a kúrò lára àtè, ọwọ́ yẹn náà á tì í bọnú àpótí pẹ̀lú ẹyẹ rẹpẹtẹ, òun náà láá gé ìyẹ́ apá rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé ọjà. Ẹni ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Èyí tí wọ́n bí sínú ilé lókè òkun náà kì í fìgbà gbogbo yọ nínú ẹ̀, torí ọwọ́ ló ń fi aṣọ ìnura dì í mú láti gé èékánná, ọwọ́ ló ń fà á jáde ní kéèjì nígbà tí kò tíì fẹ́ jáde. Bẹ́ẹ̀ ẹyẹ yìí lè gbé ogójì ọdún, ọgọ́ta ọdún lọ́dọ̀ èèyàn, ó lè ti kọjá nílé mẹ́ta mẹ́rin kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, kò sì gbàgbé ìkankan nínú wọn.

Ẹni tí ò tíì rà á, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ra ẹyẹ igbó. Wọ́n ti mú un nímùúkúùmú débi pé nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn CITES, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, pàdé ní Johannesburg lọ́dún 2016, wọ́n gbé e bọ́ sí Appendix I, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n dáàbò bò jù, látìgbà tíyẹn sì ti múlẹ̀ lóṣù kìíní 2017, kò sáyè kí wọ́n máa mú u nígbó kí wọ́n máa tà á láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní UK, kódà èyí tí wọ́n bí sínú ilé, ẹni tó fẹ́ tà á gbọ́dọ̀ ní sàtífíkéètì Article 10, ìyẹn ìwé àṣẹ láti tà á, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Tó bá jẹ́ pé ẹyẹ yín ti ń gun ọwọ́ tẹ́lẹ̀ tó wá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sá, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kankan. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko tó mọ̀ nípa ẹyẹ. Ẹyẹ máa ń fi àìsàn pamọ́ ni, ara tó ń dùn ún ló lè máa fi jẹ yín, àìtó calcium náà sì wọ́pọ̀ lára odídẹrẹ́, á máa gbọ̀n, nígbà míì gìrì á mú un. Tí dókítà bá ní kò sí nǹkan, ẹ wá wo ọwọ́ yín. Mi ò fi ṣàwàdà o. Ẹ kun èékánná pupa, ẹ ṣe làálì torí ìgbéyàwó àbúrò yín, ẹ wọ òrùka ńlá, ẹ fi báńdéèjì di ìka, ọwọ́ yẹn ò jọ èyí tó mọ̀ mọ́ nìyẹn, odídẹrẹ́ ò sì fẹ́ràn ohun àjèjì rárá. Làálì á ṣí, ẹyẹ á padà sọ́dọ̀ yín.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù rèé, ìyẹn bí ara rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹyẹ kì í ṣàdédé jẹ èèyàn, á ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin ká tó gbọ́ èyí tó dunni. Tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, ìyẹ́ ara rẹ̀ á rọ̀, á dúró lórí ẹsẹ̀ kan, á máa ha àgógó òkè mọ́ tìsàlẹ̀, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, pàápàá tí oorun bá ń bọ̀, tàbí kó gbọn gbogbo ara pìrì lẹ́ẹ̀kan kó sì máa ṣe tiẹ̀ lọ. Tẹ́rù bá bẹ̀rẹ̀ sí í bà á, ìyẹ́ yẹn á lẹ̀ mọ́ ara pátápátá, ẹ máa rí i pé ó di tínrín ó sì ga, ojú ranjú, ara tẹ̀ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ń sún díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìpẹ̀kun igi tó wà lórí ẹ̀. Ìpele àkọ́kọ́ nìyẹn, ibẹ̀ ló yẹ kọ́wọ́ yín ti padà. Tẹ́ ẹ bá tún sún mọ́ ọn, á kùn, á la ẹnu, ìyẹ́ ẹ̀yìn ọrùn á dìde, ọmọlójú rẹ̀ á máa fẹ̀ á máa súnkì kíákíá nínú yẹ́lò ojú yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ló kù.

Ohun tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé ìyẹ́ ọrùn náà máa ń dìde tó bá fẹ́ kẹ́ ẹ bá òun họ orí. Ẹ wo orí àti ojú, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà: tó bá fẹ́, á tẹ orí wálẹ̀, àgógó á kọjú sí àyà rẹ̀, ojú á máa pa dé bíi pé oorun fẹ́ gbé e. Tí orí bá wà lókè tí ẹnu kọjú sí yín, kì í ṣe ìkíni o. Ọmọlójú tó ń fẹ̀ tó ń súnkì nìkan ò tó ṣèdájọ́, torí inú dídùn náà máa ń fa ìyẹn, odídẹrẹ́ tó ń gbìyànjú láti pe ọ̀rọ̀ tuntun náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àti pé ẹyẹ tó dì gbagidi, tí ò mira, tí ò ké, nígbà tọ́wọ́ wọlé bá a, kò tíì gbà o. Ẹ̀rù ti bà á débi tí ò rọ́nà gbà ni. Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń sọ pé "ẹ ò rí i, ó ti ń jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án" nìyí, tí wọ́n á wá máa ṣe kàyééfì lọ́sẹ̀ kejì pé kí ló dé tó ya ìka àwọn.

Torí náà òfin tí mò ń lò kò ju ẹyọ kan lọ: ẹyẹ gbọ́dọ̀ lè sọ pé rárá, ká sì gbà. Alex, odídẹrẹ́ tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Irene Pepperberg kọ́ lọ́rọ̀ ní Amẹ́ríkà títí ẹyẹ náà fi kú lọ́dún 2007, mọ ọ̀rọ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ó sì máa ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ "no" fún ohun tí ò bá fẹ́. Tiyín lè má mọ̀ ọ́n wí lẹ́nu, ó ń fi ara wí i. Tó bá ti rí i pé tí òun bá fà sẹ́yìn, ọwọ́ náà á fà sẹ́yìn, kò ní sídìí tó fi máa jẹ yín kó tó bọ́.

Ká wá bẹ̀rẹ̀. Kéèjì ná: ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri, kó wà ní ìwọ̀n àyà sí ojú yín, kó má wà nílẹ̀ tí gbogbo èèyàn á máa ga lé e lórí, kó má sì wà lójú ọ̀nà tí ọmọ ti ń sáré kọjá. Kó jìnnà sí ilé ìdáná náà, torí ìkòkò nọ́nstíìkì tó bá gbóná jù máa ń tú gáàsì tó lè pa ẹyẹ lójú ẹsẹ̀, èéfín jẹnẹrétọ̀ náà ò sì dáa fún un. Lẹ́yìn náà ẹ gbé àga, ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ tẹ fóònù, ẹ ka ìwé, ẹ jẹun, ẹ bá a sọ̀rọ̀ lóhùn jẹ́jẹ́, ọwọ́ yín wà lórí itan níbi tó ti lè rí i. Ẹ má fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn, nítorí ohun tó ń yọ lójijì ló ń dẹ́rù bà á. Ẹ má tẹ ojú mọ́ ọn, ẹ má ti ìka bọ àárín irin kéèjì ẹ máa mì í. Ẹ ṣe báyìí lójoojúmọ́, títí tẹ́ ẹ fi máa jókòó tí ò ní dáwọ́ oúnjẹ rẹ̀ dúró.

Lásìkò yìí kan náà, ẹ wá ohun tó fẹ́ràn jù. Ẹ kó oríṣiríṣi sínú abọ́ láàárọ̀: ẹ̀pà tí kò níyọ̀, ẹyìn, kóró sunflower, àgbàdo tútù, ìbẹ́pẹ, ata rodo (bẹ́ẹ̀ ni, ata, ẹyẹ kì í mọ̀ ọ́n lára pé ó ń ta), kẹ́ ẹ wá wo èyí tó kọ́kọ́ gbé. Ẹyìn ni ọ̀pọ̀ ẹyẹ fẹ́ràn jù, ó ṣe tán oúnjẹ rẹ̀ nígbó ni. Ẹ̀pà tó bá ti hu, ẹ dà á nù, májèlé ni fún un. Píà, ṣokoléètì, kọfí, ọtí, àlùbọ́sà, ohun oníyọ̀, kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀. Èyí tó bá fẹ́ràn jù yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú abọ́ pátápátá, láti ìsinsìnyí lọ ọwọ́ yín nìkan ló ti máa rí i. Ẹ má fi ebi pa á o! Mo rí àwọn tó ń gba èèyàn nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ nínú fídíò, ìwà ìkà ni. Ẹ kàn ṣe é kí oúnjẹ àárọ̀ tó délẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, ó ti tó, ẹ tún lè ṣe é nírọ̀lẹ́.

Ọwọ́ ti tó dé báyìí. Ẹ rìn wá sí kéèjì, ẹ gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ ní ibi tó jìnnà tó fi jẹ́ pé ó rí i àmọ́ ìyẹ́ rẹ̀ ò lẹ̀ mọ́ra, ẹ ju ìdajì ẹ̀pà sínú abọ́, ọwọ́ lọ sílẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀. Bó ṣe tẹ̀ léra yẹn ṣe pàtàkì gan-an: ọwọ́ á kọ́kọ́ yọ, ẹ̀pà á tẹ̀ lé e, ọwọ́ á lọ. Tó bá jẹ́ ẹ̀pà ló kọ́kọ́ yọ tí ọwọ́ wá tẹ̀ lé e, ẹ̀pà lẹ́yẹ á máa fura sí. Bó bá yá, ẹ máa rí i pé tọ́wọ́ bá ti gbéra, abọ́ ló ń wò. Kò wo ọwọ́ mọ́. Ìgbà yẹn lẹ máa sún mọ́ ọn síwájú, ìwọ̀n ìka kan, kì í ṣe ìwọ̀n apá kan.

Láti abọ́, ẹ bọ́ sí ṣíbí. Ṣíbí onígi tá a fi ń ro ọbẹ̀ dáa, torí ó gùn, ẹ fi ẹ̀pà sórí ẹ̀ ẹ tì í gba àárín irin wọlé, ọwọ́ yín wà lókèèrè. Ẹ dúró jẹ́ẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́ á na ọrùn gbọọrọ, ẹsẹ̀ ò ní kúrò lójú kan, á fi orí àgógó kan ẹ̀pà á yára fà sẹ́yìn, á tún wò yín, á tún na ọrùn, á wá já a gbà bíi pé ó jí i, á sì kó ẹ̀yìn sí yín jẹ ẹ́. Ẹ má pariwo ìdùnnú. Ẹ kàn sọ "káre" lóhùn jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ yọ ṣíbí. Tó bá ti ń gbà á láìjanpata, ẹ máa di ṣíbí mú sísàlẹ̀ sí i ní díẹ̀díẹ̀ títí ìka yín fi máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀pà. Ọjọ́ tó bá kọ̀, ẹ padà sí ibi tẹ́ ẹ dì í mú lánàá, kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

Ohun míì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni kẹ́ ẹ kọ́ ọ kó máa fi ẹnu kan orí igi kan. Ẹ mú igi kékeré, ẹ fi hàn án, odídẹrẹ́ lọ́fíntótó, á fẹ́ tọ́ ọ wò, bó ṣe ń kàn án báyìí ẹ ní "káre", ẹ fún un ní ẹ̀pà. Ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu yín lásìkò tó kàn án gan-an, kì í ṣe lẹ́yìn ìgbà tó ti yíjú. Tó bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ lè fi igi yẹn darí rẹ̀ láti òpin kan kéèjì dé òpin kejì, ẹ lè fi mú un jáde lẹ́nu ọ̀nà láìfọwọ́ kàn án, ẹ sì lè fi pè é wá síbi tí ọwọ́ yín wà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyí, torí ẹyẹ ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá ọwọ́.

Kó tó jáde, ẹ pa fáànù òkè o, ẹ ti wíńdò, ẹ bo dígí, ẹ bo gbogbo omi. Àwọn kan máa ń gé ìyẹ́ apá ẹyẹ kó lè "fara balẹ̀". Èmi ò fara mọ́ ọn, ẹyẹ tí ò lè fò lọ nígbà tẹ́rù bá bà á, kí ló kù tó máa fi gbèjà ara rẹ̀ bí kò ṣe ẹnu?

Gígun ọwọ́: ẹ má gbé ọwọ́ lé e láyà láti iwájú kẹ́ ẹ máa lé e kiri inú kéèjì. Ẹ gbé ọwọ́ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tó wà lórí ẹ̀, kó ga ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ díẹ̀, kó dúró gbọin, ẹ wá mú ẹ̀pà tàbí igi ìkọ́ni yẹn sí òdìkejì, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ yín ló máa tẹ̀ kọjá. Tí ìka ló ń bà á lẹ́rù, ẹ ká ìka, ẹ na ẹ̀yìn ọwọ́ tàbí ibi tó wà lókè ọrùn ọwọ́. Ẹsẹ̀ kan tó bá gbé lé e, ẹ̀pà. Ó sọ̀ kalẹ̀? Ó dáa náà. Ẹ jẹ́ kó gùn kó sọ̀ fúnra rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kẹ́ ẹ tó gbé ọwọ́ nílẹ̀ rárá, tẹ́ ẹ bá sì gbé e, ẹ tètè sọ ọ́ kalẹ̀ kóun tó ní kẹ́ ẹ sọ òun.

Ní àkókò yìí, á kọ́kọ́ fi àgógó di ọwọ́ yín mú kó tó gbé ẹsẹ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ jẹ yín. Ó ń wò ó bóyá ibi tóun fẹ́ tẹ̀ dúró dáadáa ni, bó ṣe ń ṣe sí ẹ̀ka igi nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́, wọ́n á já ọwọ́ gbà, ẹyẹ á ṣubú, ó parí. Tí ara yín ò bá gbà á, ẹ lo igi gbọọrọ kan, kẹ́ ẹ kọ́ ọ kó máa gun igi yẹn lọ́wọ́ yín, ẹ wá máa sún ọwọ́ lọ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí igi náà.

Tó bá jẹ yín ńkọ́? Á jẹ yín. Ẹ má lu ú, ẹ má fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú, ẹ má mi ọwọ́ kó lè ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ẹ lọ fọ ojú egbò, kẹ́ ẹ wá ronú padà sí ohun tí ìyẹ́ rẹ̀ ti sọ kí ẹnu tó sọ ọ́. Àwọn tó ń sọ pé "jẹ́ kó mọ̀ pé ìwọ lọ̀gá" ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, odídẹrẹ́ ò lọ́gàá nínú igbó. Ìbọ̀wọ́ aláwọ ńlá náà, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ̀rù tiyín ló ń gbà, kò gba ti ẹyẹ.

Ará ilé lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ lọ́sàn-án kan. Ẹ̀gbọ́n á dé láti Èkó, á ní "jẹ́ n rí i, ṣé ó mọ̀ mí?", ìka ti wọ àárín irin. Ẹ má tijú: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sà, ẹ jẹ́ kọ́wọ́ yín wà nílẹ̀, ẹ súfèé sí i, á dá yín lóhùn." Á dá a lóhùn lóòótọ́, inú ẹ̀gbọ́n á sì dùn ju kó fọwọ́ kàn án lọ. Àwọn ọmọ, ẹ fún wọn ní iṣẹ́ jíju ẹ̀pà sínú abọ́, ọwọ́ wọn náà á ti máa mú ire wá. Kí gbogbo ẹni tó bá ti ṣeré pẹ̀lú ẹ̀ fọ ọwọ́, torí ẹbu funfun ara rẹ̀ máa ń fa ikọ́ fáwọn kan, àìsàn kan sì tún wà tí èèyàn lè kó lára ẹyẹ.

Ọjọ́ tó bá di dandan kẹ́ ẹ dì í mú, bíi tí dókítà bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, aṣọ ìnura ni kẹ́ ẹ lò, tó bá ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹlòmíì ló máa dì í mú. Ẹ má fún un láyà, torí àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wú kó tó lè mí. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ padà sí ìdí ṣíbí fún ìgbà díẹ̀.

Tó bá wá gbà kẹ́ ẹ fọwọ́ kan òun, orí àti ọrùn ni, ẹ máa họ ọ́ lòdì sí bí ìyẹ́ ṣe sùn, jẹ́jẹ́. Ẹ̀yìn, ikùn, abẹ́ apá, ẹ fi sílẹ̀, ẹyẹ tó ti bàlágà máa ń ka ìyẹn sí nǹkan míì, á wá máa jowú, á máa jẹ ọkọ tàbí ìyàwó yín.

Gbogbo èyí lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù, ẹyẹ igbó tó ti dàgbà kí wọ́n tó mú un sì lè má gun ọwọ́ láéláé. Á gba ẹ̀pà lọ́wọ́ yín, á tẹ orí kẹ́ ẹ họ ọ́, àmọ́ kò ní gùn ún. Ẹ má fipá mú irú ẹ̀. Ẹ fi igi gbọọrọ yẹn máa gbé e, kẹ́ ẹ so igi náà kọ́ ẹnu ọ̀nà kéèjì níbi tí gbogbo ará ilé mọ̀, torí tí èéfín bá gba ilé lóru, òun lẹ máa fi gbé e jáde.